Ó Dé, Kò Tíì Gúnlẹ̀

Ọjọ́ tí mo fi ilé sílẹ̀, màmá mi kò sunkún, èmi náà kò sunkún. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n fa ìlẹ̀kùn pọ̀, wọ́n sì fi okùn so ó. Wọ́n ní, "Kò sí ìgbálẹ̀ tí yóò wọ ibí títí wàá fi ránṣẹ́ pé o ti gúnlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Mo gbé báàgì mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò ní Ìlerò.

Nínú ìdílé ìyá mi, a kì í gbá yàrá ẹni tó bá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ẹni tí a bá gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù nílé kí ó tó rí ibi fi ẹsẹ̀ lé níbòmíràn, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé e kiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù síbẹ̀. Bí ó bá wá ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀, a ó tú ìlẹ̀kùn, a ó gbá yàrá náà mọ́, yóò sì di ti ẹlòmíràn. Àwọn ilé mìíràn ní Ìlerò kì í ṣe é. Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé tiwa ni eruku pọ̀ sí jù ní àdúgbò.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Èmi àti Ìyá Àgbà ni a jọ ń sùn nínú yàrá yẹn kí wọ́n tó kú. Bàbá wọn jẹ́ atukọ̀ ní odò Òfìkì. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa lè pè é ní irọ́, nítorí ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, koríko àti àpáta àti oko iṣu. Ṣùgbọ́n kí afárá tó wà, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, Òfìkì á kún dé etí, ẹni tó bá ní ọjà í ná lódìkejì á wọ ọkọ̀.

Ìyá Àgbà ní àárín odò kọ́ ni àwọn ènìyàn ti ń kú. Etí odò ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, bó bá ti rí i pé ọwọ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó koríko èbúté, á dìde. Bó bá ti dìde, ọkọ̀ á fì, á sì já sínú omi níbi tí omi ti jìn jù. Bàbá wọn á wá máa pariwo pé, "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó, kò tíì gún ilẹ̀!" Ó dìgbà tí imú ọkọ̀ bá wọ inú ẹrẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu, tí ọkọ̀ dúró gbọn-in, kí wọ́n tó wí pé, "Ó ti gúnlẹ̀." Ìgbà náà ni kálukú á tó gbé ẹrù rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá," Ìyá Àgbà á wí. "Gbogbo ìyókù tí ẹ ń sọ, ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ni, ẹ ò sì dá a padà."

Gbogbo ìyókù náà pọ̀. Bí àlejò bá wọ̀ sílé ẹni, a ní ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Bí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà bá dé ọ̀hún, a ní wọ́n ti gúnlẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi rárá. Bí ẹjọ́ bá parí, a ń béèrè ibi tó gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, tíṣà wa kọ́ wa pé àròkọ gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín àti ìgúnlẹ̀. Tèmi kì í gúnlẹ̀ dáadáa. Ó máa ń fi báírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "O kàn dúró sójú ọ̀nà." Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú wa, onígbàgbọ́ ni, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ní ìyá òun ti gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Mo kéré nígbà náà. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè pé báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lè jẹ́ ti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí ó tún jẹ́ ti ẹni tó ti kú.

Wọ́n ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀."

*

Ìlú àwọn apẹja kan létí òkun Gánà ni mo lọ. Obìnrin ará Ṣakí kan, Ìyá Ráfíù, ló gbà mí sílé. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni wọ́n láti ìgbà ọmọge, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ní. Inú pálọ̀ ni mo ń sùn, láàárín àwọn àpò àlùbọ́sà. Ọdún méjì ni aṣọ mi fi ń rùn bí ọbẹ̀ tí kò tíì jiná.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe mí ní kàyéfì ni ariwo òkun. Ní Ìlerò, òjò á rọ̀, á sì dá. Eléyìí kò dá. Mo jókòó, mo ń dúró dè é. Ní ọjọ́ kẹta mo bi Ìyá Ráfíù léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ló máa dákẹ́?"

"Kí ni?"

"Omi yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí àpò àlùbọ́sà. "Yé è! Ọmọ Ìlerò! Òkun ló ní kó dákẹ́!" Wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo àwọn oníbàárà wọn ní ọjọ́ yẹn. Ojú tì mí. Mo wọlé, mo ń ṣa àlùbọ́sà tó ti rà kúrò lára èyí tó dára.

Ohun kejì ni pé kò sí àpáta. Nílé, bí mo bá ti jáde, mo máa ń wo òkè kí n tó mọ ibi tí mo kọjú sí. Níbẹ̀, ibi gbogbo ló tẹ́ lọ. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní àdúgbò tí kò tóbi tó Òkákà, ìlú kan lágbègbè wa. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pè mí ní orúkọ mi. Alátà ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pe èmi náà. Wọn kò fi bú mi. Wọ́n fún mi ní kẹ́ńkè, ẹ̀kọ kan tó kan tí wọ́n dì sínú háhá àgbàdo, pẹ̀lú ata àti ẹja. Mo jẹ ẹ́. Kò dùn mọ́ mi lẹ́nu, kò sì burú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo ṣe rí fún mi nígbà náà.

Mo pe màmá mi ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e.

"Màámi, mo ti dé o."

"Alhamdulilahi. O dé. Ṣé o ti gúnlẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Ráfíù ni mo wà."

"Mo mọ ibi tí o wà. Ẹní ta lo sùn lé lánàá?"

"Ẹní wọn ni."

"Iná ta lo fi se oúnjẹ?"

"Tiwọn ni, Màámi."

"O ò tíì gúnlẹ̀ nìyẹn. Jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ."

Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Lẹ́yìn náà a ó wá sọ̀rọ̀ òjò.

*

Ìyá Ráfíù mú mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Ẹsí, obìnrin tó ń yan ẹja tà. Wọ́n sanra, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ní ààrò amọ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ mi ni láti fọ ṣàwá, kí n tò ó sórí àtẹ onírin, kí n gbé e lé ààrò, kí n máa yí i padà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i. Oṣù kìíní, gbogbo orí ìka mi ló bó. Oṣù kẹta, n kò mọ ìgbóná mọ́. Èéfín ń mú omi jáde lójú mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń kọjá á ní, "Alátà, pẹ̀lẹ́, má sunkún mọ́." Mi ò sunkún.

Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí mo bá lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ náà á kú. Èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ó ń rí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́ kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú mi rí. Kì í ṣe Gánà ló ṣe é. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ní Òkákà ti gbé ẹlòmíràn níyàwó kí n tó kúrò nílé, gbogbo ènìyàn sì ń wo ojú mi láti mọ ìgbà tí n óò sunkún. N kò rí i sun. Nígbà tí Ìyá Ráfíù ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ẹni tí yóò wá bá àwọn gbé, mo ní èmi yóò lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ. Kò kàn sí ohun tó dì mí mú ni.

*

Ní etí òkun yẹn, àwọn apẹja kì í lọ sójú omi ní ọjọ́ Àtàláátà, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi òkun ni. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n ńlá lọ sí ọ̀ọ́kán, wọ́n á mú okùn rẹ̀ méjèèjì wá sórí iyanrìn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ á sì dì í mú kí ó bá wọn fà á. Ọkùnrin, obìnrin, arúgbó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fa okùn láàárọ̀ kí n tó lọ síbi ààrò. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ń fa okùn, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ẹni ni èèyàn á máa wò.

Bí àwọ̀n bá ti wọlé, èmi á fi okùn sílẹ̀, mo ń lọ nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀ sóko, tí a bá a kọ ebè, a kì í gbé abọ́ lọ dúró tì í. Aláìnítìjú nìkan ló ń wo ẹnu ìkòkò olóko. Èèyàn á ṣe iṣẹ́, á fọ ọwọ́, á lọ sílé. Olóko ló mọ bí yóò ṣe fi nǹkan ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Nítorí náà mo ń dúró. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Mo ní nínú ara mi pé wọn kò kà mí sí ènìyàn. Kò dùn mí. Mo kàn gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan Àǹtí Ẹsí wá sí ìsọ̀ Ìyá Ráfíù, wọn kò kí wa dáadáa. Mo ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn, wọ́n ń yára sọ̀rọ̀, Ìyá Ráfíù ló ń túmọ̀.

"Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ ọ́."

"Èmi? Wọn ò ṣẹ̀ mí mà."

"Wọ́n ní o ń fa okùn àwọn lójoojúmọ́, o kì í gba ẹja. Wọ́n ní gbogbo àwọn obìnrin etí òkun ló ti ń sọ ọ́ pé Alátà ń fi àwọn ṣe ẹ̀gàn. Ṣé ẹja àwọn ń rùn ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mò ń dúró kí wọ́n fi ránṣẹ́ ni."

"Kí wọ́n fi kí ni ránṣẹ́?"

"Ẹja."

"Sí ibo?"

"Sílé níbí."

Ìyá Ráfíù wò mí. Wọ́n yíjú sí Àǹtí Ẹsí, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àǹtí Ẹsí fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn wọn kò tíì jáde. "Sọ fún un," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, "sọ fún un pé ẹja ò ní ẹsẹ̀."

Ìyá Ráfíù ní, "Àwọn ará Ìlerò rò pé ó ní. Orí àpáta ni wọ́n ti ń dẹ ẹja tiwọn."

Àǹtí Ẹsí nu ojú wọn. Wọ́n fi ìka kàn mí ní àyà, wọ́n sì rọra sọ ọ́ kí èmi fúnra mi lè gbọ́: "Níbí, ẹni tí kò bá gbé abọ́ wá kò fa okùn. Bó tilẹ̀ fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó."

Ní ọjọ́ kejì mo gbé abọ́ lọ. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n tú àwọ̀n, ọkùnrin tó ń pín ẹja wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Gbé e síwájú." Mo gbé e síwájú. Ó da ṣàwá sí i títí ó fi kún. Àwọn kan ṣì ń jà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "pá!", bíi pé ó pa ẹ̀fọn. Àǹtí Ẹsí jẹ́ kí n yan tèmi sí igun ààrò kẹrin. Nígbà tó jiná, wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹja ni." Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹja tí mo ti ń yan fún wọn rí.

*

Lẹ́yìn ìgbà náà mo máa ń dúró wo bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé. Ìyá Àgbà kò rí òkun láyé wọn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Imú ọkọ̀ á sáré gún iyanrìn, á dún kẹrẹrẹ, àwọn tó jókòó á dìde. Mo rò pé bí mo bá rí i, nǹkan kan yóò ṣe mí nínú. Kò sí ohun tó ṣe mí. Mo kàn rí i ni.

Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí Ìyá Àgbà kò sọ, nítorí odò wọn kò ní in. Ẹrẹ̀ Òfìkì máa ń di ọkọ̀ mú. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Imú ọkọ̀ á gún ilẹ̀, àwọn ènìyàn á dìde, ìgbì á tún dé, á sì fà á padà sínú omi. Ó di ìgbà tí ogún ènìyàn bá dì í mú tí wọ́n sì wọ́ ọ gòkè kí ó tó dúró. Mo rò ó pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni àwọn mìíràn ń gúnlẹ̀.

*

Nígbà tó pé ọdún méjì, Àǹtí Ẹsí fi yàrá kékeré kan hàn mí lẹ́yìn ilé wọn. Ààrò àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí koríko ti ń hù nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń lò ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní ìlú mìíràn.

Wọ́n ní, "Gbà á. Tún un ṣe. Máa dáná tìrẹ."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí o ro kí ni?"

Mo padà sí ìdí ẹja mi. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Wọ́n kàn ń wò mí. Bí mo bá gba yàrá yẹn, mo ní ibi tí mo ti ń dáná. Bí mo bá ní ibi tí mo ti ń dáná, bí Màámi bá bi mí ní Jímọ̀, mo ní láti dá wọn lóhùn. Bí mo bá sì ti dá wọn lóhùn, wọ́n á tú okùn ìlẹ̀kùn mi.

Àsìkò yẹn ni àbúrò mi, Mùrí, pè mí. Kì í sábà pè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màámi pé ẹ ti gúnlẹ̀."

Yàrá mẹ́rin ló wà nílé wa. Màámi wà nínú ọ̀kan, àbúrò bàbá wa wà nínú ọ̀kan, àgbàdo àti iṣu wà nínú ọ̀kan, ìkẹrin ni tèmi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, tí àbúrò wọn sì gba yàrá wọn, ni Mùrí ti ń sùn ní pálọ̀. Ó ti wá rí ọmọbìnrin kan ní Ìsẹ́yìn, Sàkínà, ọmọ ahunṣọ. Bàbá ọmọ náà wá wo ilé wa, ó sì ní ọmọ òun kò ní wá sùn ní pálọ̀ tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Ó ní bí kò bá sí yàrá títí di Iléyá, tíṣà kan wà tó ń béèrè rẹ̀, ilé tíṣà náà sì ní yàrá.

Mo bi í pé, "Kí ni Màámi wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè tú okùn yẹn. Wọ́n ní ẹ ò tíì gúnlẹ̀. Àǹtí, ọdún méjì! Ọkọ̀ wo ló ń rìn fún ọdún méjì? Ọkọ̀ yín ò ní ẹ́ńjìnì ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

"Ẹ sáà sọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wá wò ó?"

"Mi ò kì í parọ́ fún Màámi."

Ó ní, "Àǹtí, Sàkínà ò ní dúró dè mí títí láé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ ti tán.

Kò sí nǹkan nínú yàrá náà. Ẹní kan, àpótí kan, ike tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni ilé mi, ìlẹ̀kùn yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú okùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí okùn náà bá ṣì wà níbẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo kàn jáde lọ ra nǹkan ni, mo sì ń bọ̀.

Mo bi Ìyá Ráfíù léèrè níbi tí a ti ń ṣa àlùbọ́sà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ̀yin gúnlẹ̀ síbí?"

"Èmi?" Wọ́n rò ó. "Ìgbà tí mo lọ sí Ṣakí lọ sìnkú bàbá mi. Mo wọlé, mo fẹ́ jókòó sí ìdí ààrò níbi tí mo máa ń jókòó sí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sáré gbé àga wá fún mi. Àga àlejò. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí. Àga náà ní tìmùtìmù, àmọ́ ó dùn mí." Wọ́n ju àlùbọ́sà kan sọ́nà. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ Ìlerò, àdán ni ọ́ ni? O ò ṣe eku, o ò ṣe ẹyẹ. O wà níbí, o ò gba yàrá. O ò sí lọ́hùn-ún, o di yàrá mú. Àbúrò rẹ ń bá ewúrẹ́ sùn."

Mo ń ṣa àlùbọ́sà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú, nítorí kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá, ìyẹn Ọjọ́rú, mo lọ bá Àǹtí Ẹsí, mo ní n óò gba ààrò náà. Wọ́n ní, "O ti rò ó tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún mi ní ọkọ́. Mo tu koríko inú ààrò, mo fi amọ̀ di ibi tó ti là, mo gbá yàrá náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó ti gbẹ. Mo dáná sí i, mo sì se iṣu. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó pe Màámi.

"Màámi, ẹ káàsán."

"Káàbọ̀. Ṣé o ti gúnlẹ̀?"

"Mo ti gúnlẹ̀."

"Haló?"

"Mo ní mo ti gúnlẹ̀, Màámi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa. N ò gbọ́ ọ."

Èmi ń gbọ́ wọn kedere. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ ohùn Mùrí pé, "Màámi, ó ń dún ketekete o."

"Ìwọ, panu mọ́!"

Mo ní, "Màámi, mo ní yàrá. Mo ní ààrò tèmi. Mo dáná lónìí."

Wọ́n ní, "Ta ló fún ọ níná?"

"Mo ṣá ìṣáná fúnra mi."

"Kí lo sè?"

"Iṣu."

"Ṣé iṣu wọn dára?"

"Kò tó tiwa."

"Kò lè tó o." Wọ́n sì ní, "O ò ṣe dúró di ẹ̀yìn Iléyá? Kò sí ìkánjú."

"Ìkánjú wà, Màámi. Àwọn ará Ìsẹ́yìn ò ní dúró."

Mo rò pé wọ́n ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn wọn, ó ti rẹlẹ̀. "Bí mo bá jí ní àsùbáà, tí mò ń lọ ṣàlùwàlá, iwájú ìlẹ̀kùn yẹn ni mò ń gbà. Mo máa ń kí ọ. Mo máa ń ní, ṣé dáadáa lo jí."

Ọdún méjì ni mo ti rò pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe so ìlẹ̀kùn náà. Mo ní, "Dáadáa ni mo jí, Màámi."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́. Tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo ti gúnlẹ̀."

"Mo gbọ́."

*

Lẹ́yìn Iléyá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń yí ẹja, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni ìyàwó yín, Sàkínà."

Mo ní, "Káàbọ̀, ìyàwó mi." Ohùn rẹ̀ tinrín. Mo mọ̀ pé ojú ń tì í gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ti èmi náà.

"A ti gbá yàrá náà, a sì ti kùn ún. Ẹ má bínú mà. Àbúrò yín fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ lónìí, mo ní kó dúró ná, kí n bi yín léèrè. Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń kọ orí sí bí ẹ bá sùn? Mi ò fẹ́ máa na ẹsẹ̀ mi sí ibi orí yín."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo wá yàrá náà lọ́kàn mi. Mo rí ibi tí Ìyá Àgbà ń sùn sí, mo rí àpótí, mo rí ike àlùwàlá. N kò rí ara mi níbẹ̀. Mo dúró, òróró ẹja ń kán sínú iná, n kò sì rántí.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni," mo ní.

Kò dá mi lójú pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ibì kan wà nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò ní na ẹsẹ̀ sí.